Ámpù-wákàtì ara bátìrì irinṣẹ́ yín: ohun tó ń ṣe sí agbára ẹ̀rọ, àti bí ẹ ṣe lè yan èyí tó yẹ iṣẹ́

Pákó apá kan ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ó nípọn íńṣì méjì, ó ti gbẹ dáadáa, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rọ ayùn oníbátìrì là á ní gígùn. Bátìrì tó wà lára ayùn náà kò tóbi, 2.0Ah ni wọ́n kọ sí i, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà ni. Ayùn wọ pákó níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó kùn, ó dákẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì ara bátìrì wò: iná mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣì ń tàn. Mo fà á sẹ́yìn, mo tún tì í wọlé, ó tún kú. Mo ti ní abẹ ayùn ló kú kí ọmọṣẹ́ mi tó yọ bátìrì 5.0Ah lára gíráńdà, tó sì nà án sí mi. Ayùn kan náà, abẹ kan náà, pákó kan náà: ó là á dé òpin láìdúró.

Iná ṣì wà nínú bátìrì kékeré yẹn. Ohun tí kò ní ni ọ̀nà tó fẹ̀ tó, tí iná náà lè gbà jáde bí ayùn ṣe ń bèèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé Ah ń sọ bí iṣẹ́ ṣe máa pẹ́ tó nìkan. Ó tún ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa lágbára tó nígbà tí iṣẹ́ bá le. Bátìrì gidi méjì sì lè wọ́n ju ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi wọ́n sí lọ, nítorí náà ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń rà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ara bátìrì

Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lára bátìrì gidi: V, Ah àti Wh. Ẹni tó bá ní tánkì omi nínú ọgbà rẹ̀ ti mọ ìtumọ̀ wọn láìmọ̀. V, ìyẹn fóòtì, dà bí gíga irin tí tánkì jókòó lé. Bó bá ṣe ga tó ni omi ṣe máa fipá jáde tó. Ah, ìyẹn ámpù-wákàtì, ni ìwọ̀n omi tí tánkì lè gbà. Ámpù ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn jáde tó: bátìrì 5.0Ah lè tú ámpù 5 jáde fún wákàtì kan kó tó tán, tàbí ámpù 10 fún ààbọ̀ wákàtì. Wh, ìyẹn wáàtì-wákàtì, ni àpapọ̀ iṣẹ́ tó wà nínú bátìrì. Ẹ fi V ṣe ìlọ́po Ah, ẹ ó rí i. Bátìrì 18V tó jẹ́ 2.0Ah ní 36Wh. Èyí tó jẹ́ 5.0Ah ní 90Wh.

Tánkì tún ní ohun kan tí wọn kì í kọ sára bátìrì, ìyẹn páìpù. Tánkì ńlá tí páìpù rẹ̀ tín-ín-rín kò lè pọn omi fún ilé tí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ti ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Páìpù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa rántí títí a ó fi parí, torí òun ló pa ayùn mi lẹ́nu mọ́.

Kí á tó kúrò lórí V: sẹ́ẹ̀lì ni àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ sínú bátìrì irinṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì lithium kan jẹ́ 3.6V ní ìwọ̀n ìdúró rẹ̀, ó sì máa ń tó 4.2V tó bá kún. Márùn-ún rẹ̀ tí a tò ní orí-kan-ìdí, bí a ṣe ń to bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ń fúnni ní 18V; tí gbogbo rẹ̀ bá kún, ó di 21V. Èyí ló fà á tí DeWalt fi ń kọ 20V MAX sí bátìrì tó ń tà ní Amẹ́ríkà, tó sì ń kọ 18V sí irú rẹ̀ ní Yúróòpù. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún náà ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín torí pé 20 ju 18 lọ.

Ní ọjà tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó rí dírìlì kékeré tí wọ́n kọ 48V, 88V, àní 128V sí lára, tí bátìrì rẹ̀ kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Kí bátìrì lithium tó lè fúnni ní 88V ní tòótọ́, sẹ́ẹ̀lì tó tó 24 ní láti tò tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀. Mítà oníṣẹ́ iná yóò sọ òtítọ́ fún yín ní ìṣẹ́jú kan: ẹ fi í sí fóòtì DC, ìyẹn fóòtì iná bátìrì, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan irin + àti irin − tó wà lẹ́nu bátìrì tó kún. Tó bá ka nǹkan bí 20 sí 21, bátìrì 18V lẹ mú dání, ohun yòówù tí wọn ì báà kọ sí i. Ẹ ṣọ́ra kí ẹnu mítà méjèèjì má kan ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀

Tí ẹ bá ní bátìrì 18V tó ti kú pátápátá, ẹ tú u wò lẹ́ẹ̀kan péré, kí ojú yín lè rí i. Síkúrúù mẹ́rin ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀, orí wọn dà bí ìràwọ̀. Ẹ ṣí i, ẹ má fi irin kan ohunkóhun nínú, torí bátìrì tí a pè ní òkú ṣì lè ta iná. Nínú 2.0Ah ẹ ó rí sẹ́ẹ̀lì márùn-ún, wọ́n rí gbọọrọ bíi bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wọ́n fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló so wọ́n pọ̀, orí tèyí mọ́ ìdí tèyẹn. Lókè wọn ni pálí aláwọ̀ ewé kan wà tí àwọn wáyà tín-ín-rín ti ń lọ síbi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Pálí yìí ló ń ṣọ́ bátìrì: ó ń wo fóòtì, ó ń wo ooru, òun ló sì ń bá ẹ̀rọ àti ṣájà sọ̀rọ̀.

Ẹ wá tú 5.0Ah. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ìpele méjì, márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀. Fóòtì wọn kò ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé márùn-ún péré ló tò tẹ̀ lé ara. Ọ̀nà ni wọ́n fi kún un. Páìpù kan ti di páìpù méjì.

Sẹ́ẹ̀lì tó wọ́pọ̀ jù nínú bátìrì irinṣẹ́ ni 18650, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ tó mílímítà 18, ó sì gùn tó mílímítà 65. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 21700, mílímítà 21 ní fífẹ̀ àti 70 ní gígùn. Tí ẹ bá mọ èyí, ẹ lè ṣírò ohun tó wà nínú bátìrì láìtú u. Sẹ́ẹ̀lì 18650 márùn-ún tó jẹ́ 2.0Ah ló ń ṣe bátìrì 2.0Ah. Mẹ́wàá irú rẹ̀ di 4.0Ah. Mẹ́wàá tó jẹ́ 2.5Ah di 5.0Ah, mẹ́wàá tó jẹ́ 3.0Ah di 6.0Ah, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ di 9.0Ah. Ní ti 21700, márùn-ún tó jẹ́ 4.0Ah ń ṣe bátìrì 4.0Ah, mẹ́wàá ń ṣe 8.0Ah, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń ṣe 12.0Ah.

Nítorí náà, bátìrì méjì lè jẹ́ 4.0Ah kí inú wọn má sì rí bákan náà. Ọ̀kan lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kékeré mẹ́wàá, èkejì sẹ́ẹ̀lì ńlá márùn-ún. Èkejì fúyẹ́ díẹ̀, ó sì kéré lójú. Bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, ó lè ṣe dáadáa, torí pé ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì 21700, ìyẹn ohun tó ń dí iná lọ́nà nínú rẹ̀, sábà máa ń kéré. Ẹ má kàn ka Ah kí ẹ sì dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣe ìṣirò tó ń sọ ìdí tí ayùn fi kú

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ fara balẹ̀ ká jọ ṣe é. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní ìdènà díẹ̀ nínú, tó ń jẹ lára iná tó ń kọjá. Ká ní ìdènà sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ 0.02Ω (Ω ni àmì óòmù, ohun tí wọ́n fi ń wọn ìdènà). Márùn-ún tò tẹ̀ lé ara, ìdènà wọn di 0.1Ω. Ayùn wọ inú pákó líle, ó ní òun ń fẹ́ ámpù 30. Ámpù 30 ní ìlọ́po 0.1 jẹ́ 3V. Fóòtì 3 yẹn ti ṣòfò sínú bátìrì kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Bátìrì tó wà ní 20V kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ ti já wálẹ̀ sí 17V.

Ní bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, ìlà méjì ló pín ámpù 30 náà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbé 15. Ámpù 15 ní ìlọ́po 0.1 jẹ́ 1.5V. Bátìrì tó wà ní 20V wálẹ̀ sí 18.5V péré. Ẹ wo agbára tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò: 17 ní ìlọ́po 30 jẹ́ 510W, 18.5 ní ìlọ́po 30 jẹ́ 555W. Ẹ̀rọ kò yí padà, wáàtì 45 ló fi lágbára sí i.

Ẹ wá wo ooru, torí òun ló ń ba bátìrì jẹ́. Fóòtì 3 tó ṣòfò ní ámpù 30 jẹ́ 90W ooru láàárín sẹ́ẹ̀lì márùn-ún, ìyẹn 18W fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ ni 18W ń jó nínú rẹ̀ yẹn. Ní ti mẹ́wàá, 45W ni gbogbo ooru, sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá pín in, ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 4.5W. Ẹ sọ sẹ́ẹ̀lì di ìlọ́po méjì, ooru orí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rin. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan bátìrì kékeré lẹ́yìn tó fi gíráńdà gé irin mọ̀ pé òtítọ́ ni mò ń sọ.

Ìdí tí iná mẹ́ta fi ṣì ń tàn nígbà tí ayùn mi kú náà hàn níbí. Iná ara bátìrì ń ka fóòtì nígbà tí bátìrì ń sinmi. Pálí inú rẹ̀ ń wo fóòtì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Tí fóòtì bá já wálẹ̀ dé ibi tí wọ́n fi òpin sí, nǹkan bí 2.5V sí 3V fún sẹ́ẹ̀lì kan, tàbí tí ìṣàn iná tàbí ooru bá pọ̀ jù, pálí náà á pa ẹ̀rọ kí sẹ́ẹ̀lì má bàa bàjẹ́. Ẹ fọwọ́ kúrò, fóòtì gòkè padà, iná mẹ́ta tàn. Ohun mìíràn tún wà tó ń mú un burú sí i: bí fóòtì bá ṣe ń wálẹ̀ ni mọ́tò ń lọ́ra, bó bá ṣe ń lọ́ra ni abẹ ń há sínú pákó, bó bá ṣe ń há ni ó ń bèèrè ámpù púpọ̀ sí i. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbogbo rẹ̀ ti dúró.

Mọ́tò brushless, èyí tí kò ní kábọ́ọ̀nù, ń fi iná ṣòfò díẹ̀, bátìrì kan náà sì máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ti oníkábọ́ọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n kò lè fẹ páìpù bátìrì. Kódà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ brushless ńláńlá ló lè fa iná ju ohun tí bátìrì kékeré lè tú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi bátìrì wé iṣẹ́

Iṣẹ́ tó bá fúyẹ́ kò nílò bátìrì ńlá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí. Kéèyàn fi dírìlì de síkúrúù ìkọ́ aṣọ fèrèsé, tàbí kó lu ihò kékeré sára pákó arère, ámpù díẹ̀ ló ń fẹ́. Ní ámpù 5, bátìrì onísẹ́ẹ̀lì márùn-ún tí a ṣírò yẹn kò pàdánù ju 0.5V lọ. Kò sí bí ọwọ́ yín ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti 5.0Ah. Ohun tí ọwọ́ yín máa mọ̀ ni ìwúwo. Sẹ́ẹ̀lì 18650 kan wúwo tó gíráàmù 45 sí 48, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì márùn-ún tí wọ́n fi kún 5.0Ah sún mọ́ ìdá mẹ́rin kílò. Ẹni tó ń ṣe sílíìnì, tó na ọwọ́ sókè láti àárọ̀ dalẹ́, máa fi èjìká rẹ̀ san gbèsè yẹn. Fún iṣẹ́ orí àkàbà, 2.0Ah ni kí ẹ mú, kí ẹ sì ní méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀.

Impact driver, ẹ̀rọ tó ń fi ìkọlù de síkúrúù, wà láàárín. Ó ń fa iná lójijì, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í fà á pẹ́. 2.0Ah gbé e dáadáa fún síkúrúù páànù. Tó bá jẹ́ bóòtù gígùn sínú igi líle lẹ ń dè láti òwúrọ̀, ẹ gbé 4.0Ah sí i.

Gíráńdà, ẹ̀rọ ayùn, dírìlì tó ń lu kọnkéré, àti impact wrench ńlá táwọn fọkanáísà fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ àjàgbé, àwọn wọ̀nyí ni alájẹrun. Ẹ má fi bátìrì onísẹ́ẹ̀lì kékeré márùn-ún sí wọn, àfi tí ọ̀ràn bá kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Gíráńdà ló burú jù, torí pé kì í sinmi: ẹni tó ń gé irin rọ́ọ̀dù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbọ́wọ́ kúrò. 4.0Ah tàbí 5.0Ah onísẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ gígé irin lójoojúmọ́, 8.0Ah onísẹ́ẹ̀lì 21700 máa ń yí ẹ̀rọ padà pátápátá, ẹ ó tilẹ̀ gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá ó lè wọ ìdí ẹ̀rọ yín, torí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan kò gba bátìrì ńlá, ìdí wọn kò fẹ̀ tó.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi ran bátìrì kékeré lọ́wọ́ nígbà tí kò sí òmíràn: abẹ tuntun tó mú, kí ẹ má tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, kí ẹ gé e díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi. Abẹ tó kú lè mú kí ayùn fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, débi pé bátìrì ńlá gan-an máa dà bí kékeré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dá irọ́ mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Mo ti ra bátìrì kan rí tí wọ́n kọ 6.0Ah sí lára. Ó mọ́, ó ń dán, ṣájà gbà á. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń tán kí 3.0Ah mi àtijọ́ tó tán. Nígbà tí mo tú u, sẹ́ẹ̀lì 18650 márùn-ún ló wà níbẹ̀, ìpele kejì sì ṣófo. Fóòmù ni wọ́n kì sí i.

Èyí tí ẹ lè fi mú wọn ni pé sẹ́ẹ̀lì 18650 tó dára jù lọ kì í ju nǹkan bí 3.5Ah lọ, àwọn tó sì lè tú ámpù púpọ̀ fún irinṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ 3.0Ah sísàlẹ̀. Nítorí náà bátìrì 18V tó pẹlẹbẹ, tí ìpele sẹ́ẹ̀lì 18650 rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí wọ́n kọ 6.0Ah sí, irọ́ ni.

Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì 18650 mẹ́wàá nìkan ti sún mọ́ ààbọ̀ kílò ká tó ka ike àti pálí mọ́ ọn, bátìrì 5.0Ah tó wúwo bíi gíráàmù 400 kò lè ní mẹ́wàá nínú. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alásè ń lò ti tó. Èmi a máa mú un lọ sọ́jà nínú àpò.

Àkókò ṣájì náà kì í purọ́. Tí wọ́n bá kọ 2A sára ṣájà yín, bátìrì 5.0Ah tó ti tán gbọ́dọ̀ lò ju wákàtì méjì àti ààbọ̀ lọ lórí rẹ̀, torí 5 pín sí ọ̀nà 2 jẹ́ 2.5, ṣájà sì máa ń rọra lọ lápá ìparí. Bó bá kún ní wákàtì kan, ẹ ti mọ iye Ah tó wà nínú rẹ̀ gan-an: kò lè ju 2 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣírò iye tí ẹ máa nílò níbi tí kò ti sí iná

Ní ibi iṣẹ́ tí NEPA kò tíì dé, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni iye bátìrì tó máa gbé iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ yín ni kí ẹ bi. Ẹ mú bátìrì kan tó kún, ẹ fi ṣe iṣẹ́ yín gan-an, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ gé tàbí iye síkúrúù tí ẹ dè kó tó tán, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní 5.0Ah gé irin 40. Iṣẹ́ ọ̀la jẹ́ 110. Bátìrì mẹ́ta lẹ nílò, tàbí méjì pẹ̀lú ṣájà tó yá. Ẹ má ṣe rò pé 2.0Ah máa gé 16 torí pé 2 pín 5 bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́ tó le, ó máa ń dín sí i, torí ooru tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan.

Ṣájì rẹ̀ kò gba iná púpọ̀. Bátìrì 90Wh lè fa nǹkan bíi 110Wh lára ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀, tí a bá ka ohun tó ń ṣòfò nínú ṣájà mọ́ ọn. Ínfátà ilé tó ní bátìrì 12V, 100Ah, tó jẹ́ 1,200Wh nínú ìwé, lè kún mélòó kan nínú wọn láìwu yín léwu. Kí ínfátà náà jẹ́ èyí tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ pure sine wave, ìyẹn ìgbì tó rí bíi ti iná NEPA. Àwọn tó kù lè mú ṣájà gbóná tàbí kí wọ́n bà á jẹ́. Tí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ kọ́kọ́ tan án, kó rọlẹ̀, kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ ṣájà kí ẹ tó pa á.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ pa Ah tí ẹ ti rà mọ́

Bátìrì tó ń gbó kì í kàn dín ní Ah, ìdènà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èyí ló ń fà á tí bátìrì ọdún mẹ́rin fi ń ṣe dáadáa lára dírìlì ṣùgbọ́n tó ń kú lára gíráńdà. Ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e lọ sí ìdí iṣẹ́ tó fúyẹ́.

Ooru ló ń mú un gbó kíákíá jù. Ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń jóòrùn. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára gíráńdà, ẹ gbé e sí ibòji títí ara rẹ̀ á fi tutù kó tó gun ṣájà. Ọ̀pọ̀ ṣájà gidi ni kò tilẹ̀ ní gbà á, iná wọn á máa ṣẹ́jú títí yóò fi tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ òtútù, tiyín ni pé òtútù ń mú ìdènà sẹ́ẹ̀lì ga, bátìrì kékeré ló sì kọ́kọ́ ń fi hàn. Ẹ mú un wọlé kó móoru díẹ̀, ẹ má sì ṣájì rẹ̀ níbi tí ojú ọjọ́ bá ti wà lábẹ́ dígírì 0.

Àwọn àgbà tó lo bátìrì nickel-cadmium láyé àtijọ́ kọ́ wa pé kí á lò ó tán pátápátá ká tó ṣájì rẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ fún bátìrì ìgbà yẹn. Fún lithium, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ pé ohùn ẹ̀rọ ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹ yọ ọ́. Tí ẹ ò bá ní lò ó fún oṣù mélòó kan, ẹ jẹ́ kí iná méjì nínú mẹ́rin kù nínú rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù tó sì gbẹ, kúrò lára ẹ̀rọ. Bátìrì tí ẹ fi pamọ́ lófìfo máa ń rọra wálẹ̀ sí i, títí ṣájà á fi kọ̀ ọ́.

Lórí àwọn tó ń pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì: iṣẹ́ náà dára tí ẹni tó ń ṣe é bá mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í léèrè ohun méjì. Èkíní, iye ámpù tí sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ lò lè tú. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà alágbèéká lè ní Ah tó pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é fún ìṣàn ńlá. Lára ayùn, yóò gbóná, yóò sì kú. Èkejì, bóyá gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló máa pààrọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tuntun tí a pò mọ́ ògbólógbòó kì í bá a gbé. Bó bá sì ní òun máa yọ pálí kúrò kí bátìrì má bàa máa pa ẹ̀rọ mọ́, ẹ gba bátìrì yín kí ẹ máa lọ. Pálí yẹn ló ń dènà iná nínú ilé yín. Bátìrì tó sán, tó mu omi, tàbí tó ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ẹ gbé e síta, jìnnà sí ohun tó lè jó, ẹ má ṣájì rẹ̀ mọ́.

Tí ẹ bá ń bẹ ẹbí lókè òkun kó bá yín rà á

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tàbí Houston tó lè bá wa mú bátìrì bọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé inú báàgì ọwọ́ ni bátìrì tí kò sí lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe báàgì tó ń lọ sábẹ́ bàálù, kí wọ́n sì fi nǹkan bo ẹnu rẹ̀. Èyí tí kò bá ju 100Wh lọ kì í sábà nílò ìyọ̀ǹda. Láti 100 sí 160Wh, wọ́n ní láti gba àṣẹ ilé iṣẹ́ bàálù. Bátìrì 18V, 5.0Ah jẹ́ 90Wh, ó kọjá. Ti 6.0Ah jẹ́ 108Wh, kò kọjá láìbèèrè.

Ṣájà ni kí ẹ tún kíyè sí. Ṣájà tí wọ́n rà ní Brítéènì ń lo fóòtì bíi tiwa, ẹnu rẹ̀ onírin mẹ́ta sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ti Amẹ́ríkà, 120V ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀: tí kò bá ti sí 220 tàbí 240 níbẹ̀, ẹ má kì í bọ iná NEPA, ì báà jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ wọlé. Kí wọ́n mú bátìrì nìkan wá, kí ẹ ra ṣájà rẹ̀ níbí.